Òpó Tẹlifóònù Ẹ̀bá Ọ̀nà: Ẹ̀rù Tó Tọ́ àti Ẹ̀rù Tí Kò Tọ́

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń gbé ní Barking tàbí Dagenham, yóò ti rí ìwé pélébé tí wọ́n máa ń so mọ́ òpó iná, pé ilé-iṣẹ́ báyìí fẹ́ gbé òpó tẹlifóònù kalẹ̀ sí ibi báyìí. Ọ̀pọ̀ wa a máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò kàn wá. Ó kàn wá o.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tí ń gbé ní Becontree, pè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo mọ̀wé, bá mi wo ìwé yìí. Wọ́n fẹ́ gbé máàsìtì sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ mi ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé kí n kó kúrò ládùúgbò yìí ni?" Ó ti kọ lẹ́tà tí yóò fi ránṣẹ́ sí kánsù, ojú ewé méjì gbáko, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Mà." Mo lọ kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Kí ni òpó yìí ń ṣe?

Ìtànṣán tí ń jáde lára òpó tẹlifóònù, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ti rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe irú ti X-ray, tó lágbára ju èyí lọ fíìfíì. Ohun tí a mọ̀ dájú nípa rẹ̀ ni pé bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú ara gbóná. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ káríayé tí à ń pè ní ICNIRP ṣe fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní 1998, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Ofcom, àjọ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ yìí, tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ibi 16 tí òpó 5G wà ní ìlú ńlá 10. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n wọ̀n kò ju nǹkan bí ìdá 1.5 nínú 100 òdiwọ̀n náà lọ.

Ẹ rántí àtùpà ilé. Ẹni tó jókòó tì í ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kàn jù. Bí a bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó kàn wá á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán yìí rí. Nítorí náà, tẹlifóònù tí a fi sétí ló ń ta ìtànṣán sí orí wa ju òpó ìkángun àdúgbò lọ. Bí òpó bá sì jìnnà, ńṣe ni tẹlifóònù ń fi agbára kún agbára, bí ẹni tó ń ké sí ará òdìkejì odò.

Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé sọ?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìgbìmọ̀ tí Sir William Stewart ṣe olórí rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé ìtànṣán tí kò kọjá òdiwọ̀n ń ba ìlera ará ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí a máa sùn lọ. Wọ́n gbani nímọ̀ràn ìṣọ́ra: kí ibi tí ìtànṣán òpó ti lágbára jù má ṣe bọ́ sí ọgbà ilé-ìwé àyàfi bí ilé-ìwé àti àwọn òbí bá gbà, kí àwọn ọmọdé má sì máa fi tẹlifóònù sọ ọ̀rọ̀ tí kò pọn dandan. Ní 2011, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí jẹjẹrẹ, fi ìtànṣán yìí sí ìsọ̀rí 2B, èyíinì ni ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì kún. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń gbé kiri. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi tẹlifóònù sétí púpọ̀púpọ̀ ló mú un wá jù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpó.

Nígbà tí ẹ̀rù di iná

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, tí àrùn kòrónà ń pa ènìyàn, àwọn kan ní 5G ló fà á, wọ́n sì ń dáná sun òpó káàkiri. Ọ̀kan tí wọ́n sun ní Birmingham ló ń ṣiṣẹ́ fún ilé-ìwòsàn Nightingale tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nítorí àrùn náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà náà, tẹlifóònù nìkan ni ọ̀pọ̀ ará ilé fi ń gbúròó aláìsàn wọn. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ náà dé àárín àwa ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú: ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Ofcom dá Loveworld, tẹlifíṣọ̀n ìjọ Christ Embassy, lẹ́bi nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wo ilé: oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fún ará ìlú ní Nàìjíríà, àmọ́ àrùn náà ti wọ ibẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2020.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ìyá wa kì í ṣe ti òmùgọ̀. Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, a ti rí òpó tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀yìn ilé onílé, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí ń bú tọ̀sán-tòru àti èéfín rẹ̀. Ní 2012, NESREA ti òpó MTN kan pa ní Abuja. NESREA ní òpó gbọ́dọ̀ fi mítà 10 jìnnà sí ilé. NCC ní mítà 5 tó. Ẹni tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹjọ́ tòótọ́ láti rò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ibi tí òfin dúró sí

Ìlànà tí ìjọba fi lélẹ̀ fún àwọn kánsù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá ti mú ìwé ẹ̀rí wá pé òpó òun kò ní kọjá òdiwọ̀n ICNIRP, kánsù kò gbọdọ̀ gbé òdiwọ̀n ìlera mìíràn kalẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ òpó, ohun méjì péré ni kánsù lè yẹ̀ wò: ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, àti bí yóò ṣe rí lójú. Ọjọ́ 56 ni wọ́n ní. Bí wọn kò bá fèsì kó tó pé, ilé-iṣẹ́ lè gbé òpó rẹ̀ nìṣó. Láti 2022, irú òpó bẹ́ẹ̀ lè ga tó mítà 25 lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ wá fojú inú wò ó ní Becontree, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1921, tí ọ̀pọ̀ jù nínú ilé ibẹ̀ kò ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ.

Ẹ ti rí i báyìí pé lẹ́tà ìyá wa, pẹ̀lú gbogbo omijé inú rẹ̀, wọn yóò kà á, wọn yóò sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A jókòó, a tún un kọ. A wọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀: bí òpó àti àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dúró níbẹ̀, ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ àti aláàbọ̀ ara yóò ní láti sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. A kọ ọ́ pé àpótí náà yóò bo ojú awakọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá. A béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ti bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀. A ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ICNIRP hàn. Lẹ́tà náà dé kánsù kí ọjọ́ tó pé. A ń retí èsì.

Kí n tó dìde, ìyá wa bi mí pé, "Ṣé kò ní pa àwọn ọmọ mi?" Mo ní, "Mà, nínú gbogbo ohun tí mo kà, n kò rí ibi tó ti ní yóò pa wọ́n. Ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì yẹn ni kí ẹ máa fi ṣọ́ wọn."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò pọ̀. Bí ẹ bá rí ìwé lára òpó iná, ẹ dúró kà á, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ kàn sí àwọn àgbà wa tí Gẹ̀ẹ́sì òfin kò yé, kí ẹ ka tiwọn fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà wá, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ìwé tí a wá kà ní ìdálẹ̀, bí kò bá lè ran ìyá àti bàbá wa tó wà níhìn-ín lọ́wọ́, kí la fẹ́ fi í ṣe? Ire o.