Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Òfúrufú: Ìgbà tí Èrò Lè Gbà á Padà

Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú mọ́. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí Southwest ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ní 1971, àti easyJet ní Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1995, ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ti rí àyè wọ̀ ọ́. Lónìí, àwọn ẹbí a máa dáwó jọ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ tí ń lọ sí Àbújá fún ìdánwò iṣẹ́. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a sì máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí ó lè wá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Owó kòkó ni, owó àjọ ni, òógùn ojú ni. Nítorí náà, bí ìrìn-àjò bá yẹ̀, ó tọ́ kí a mọ èyí tí ó sọnù nínú owó náà, àti èyí tí òfin ní kí a dá padà.

Bí owó ẹni bá ti mọ ni oògùn ẹni ń mọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rọjú a máa ní àdéhùn tí ó le: bí èrò bá yí ọjọ́ padà, yóò san owó ìyípadà, bí kò bá lọ mọ́, a kò ní dá owó rẹ̀ padà. Àdéhùn yìí kì í ṣe èrú, nítorí pé ara rẹ̀ ni owó fi wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé gbólóhùn náà, “a kì í dá owó padà,” bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí èrò béèrè ni pé: ta ni ó ba ìrìn-àjò náà jẹ́? Bí ó bá jẹ́ èrò, àdéhùn ni yóò dá ẹjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, òfin ni yóò dá a.

OHUN TÍ ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ SỌ

Apá 19 nínú Ìlànà Ìrìnnà Òfúrufú ti Nàìjíríà, tí a tún ṣe ní 2023, ni ó dá ààbò bo èrò. Bí ọkọ̀ tí ń ná ìlú méjì láàárín Nàìjíríà bá pẹ́ ju wákàtí 1 lọ, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu. Bí ó bá ju wákàtí 2 lọ, èrò tí kò fẹ́ dúró mọ́ lè béèrè owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ìdádúró bá bọ́ sí àárín aago 10 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, ilé-iṣẹ́ ni yóò wá ibi tí èrò yóò sùn, tí yóò sì gbé e lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó san owó lọ́wọ́ yóò gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó san án láti báńkì tàbí pẹ̀lú káàdì yóò gbà á láàárín ọjọ́ 14.

Bí ilé-iṣẹ́ bá fagi lé ìrìn-àjò inú ilé láìsọ fún èrò ní wákàtí 24 ṣáájú, owó gbà-má-bínú wà pẹ̀lú, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 25 nínú 100 iye owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦100,000, owó náà jẹ́ ₦25,000. Fún ìrìn-àjò sí òkè òkun, ìdá 30 nínú 100 ni.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ kan. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa bo ojú ọ̀run títí tí awakọ̀ òfúrufú kò fi ní rí ibi tí yóò balẹ̀ sí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ilé-iṣẹ́, nítorí náà kò jẹ gbèsè owó gbà-má-bínú. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ kò bá lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ ti èrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọyẹ́ bojú gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌRÌN-ÀJÒ SÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ ÀTI AMẸ́RÍKÀ

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bo gbogbo ọkọ̀ òfúrufú tí ó bá gbéra láti ilẹ̀ náà, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ó ni ín. Ó tún bo èyí tí ń bọ̀ wá síbẹ̀ láti ibòmíràn, bí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Yúróòpù. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò, èrò ní ẹ̀tọ́ láti yàn: yálà kí a fi ọkọ̀ mìíràn gbé e, tàbí kí a dá owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 7. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ tó wákàtí 5, ó lè kọ̀ ọ́ kí ó sì gba owó rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ fún un ní ìwé ẹ̀dínwó dípò owó, àfi bí ó bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ owó, kí ó má fọwọ́ sí ìwé náà.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí ọjọ́ ìrìn-àjò sì kù tó ọjọ́ 7, ní wákàtí 24 láti ronú. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó fagi lé e láàárín àkókò náà láìsan ìtanràn, tàbí kí ó bá a di iye owó náà mú fún wákàtí 24 kí ó tó san án. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2024 sì sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá sún àkókò ìrìn-àjò inú ilé ní wákàtí 3, tàbí ti òkè òkun ní wákàtí 6, èrò tí kò gbà bẹ́ẹ̀ yóò gba owó rẹ̀.

BÍ ÈRÒ FÚNRA RẸ̀ BÁ FẸ́ YÍ ỌJỌ́ PADÀ

Èkíní, kí ó rí i pé orúkọ tí ó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì bá ti ìwé ìrìnnà mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tí ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní ilé, tí ìwé rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ bàbá, lè san owó ńlá láti tún orúkọ ṣe. Kí a wò ó kí a tó san owó. Bí àṣìṣe bá wà, kí a sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì, kí ó ṣírò. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ: lẹ́yìn owó ìyípadà, èrò yóò tún san àlékún bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tuntun bá wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ £25, tí owó ìyípadà jẹ́ £45, tí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun sì jẹ́ £30, ó sàn kí ó ra tuntun.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe kánjú fagi lé e. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti fẹ́ sún àkókò síwá sẹ́yìn, ẹni tí ó dúró dè é lè gba odidi owó tí ẹni tí ó kánjú ti pàdánù. Ṣùgbọ́n kí ó má dúró títí ọkọ̀ yóò fi lọ, nítorí pé ẹni tí kò wá tí kò sì sọ ni ìyà rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a tilẹ̀ fagi lé àbọ̀ ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ àlọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó rà lọ́wọ́ alágbàtà, ọ̀dọ̀ alágbàtà náà ni owó rẹ̀ sábà máa ń gbà padà. Kí ó gba rìsíìtì.

IBI TÍ A Ń GBÉ Ẹ̀SÙN LỌ

Kí èrò tọ́jú rìsíìtì, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, àti iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, kí ó sì sọ pé owó ni òun ń fẹ́. Bí wọ́n bá kọ etí dídi sí i, àjọ NCAA, tí ń ṣe àkóso ìrìnnà òfúrufú ní Nàìjíríà, ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ní àwọn pápá ọkọ̀ òfúrufú.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò mọ̀wé, pàápàá àwọn òbí tí àwọn ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi. Owó tí ìyá kan kò mọ̀ pé òun lè béèrè, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò wà.