Ṣé o mọ̀? Erè lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan

Erè kékeré ilẹ̀ wa, èyí tó máa ń ká jọ bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á, lè lo oṣù mélòó kan láìjẹun, kí ara rẹ̀ sì le. Abo tó ká mọ́ ẹyin kì í sábà jẹun fún nǹkan bí oṣù méjì. Bí erè bá sì jẹun, ooru ló ń bá a da oúnjẹ. Nítorí náà, nígbà ọyẹ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, kí ẹni tó ń sìn ín nílé má ṣe fún un ní eku níbi tó tutù: oúnjẹ náà kò ní dà, ó sì lè bì í. Bí ara rẹ̀ bá móoru, egungun eku á yọ́ tán. Irun ni yóò bá ìgbẹ́ jáde.