Fèrèsé Ilé Baba Ẹni: Ta Ni Ó Ní Àṣẹ Láti Yọ Ọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹnu burúkú ni ẹnu tí òwe yìí ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu rere kan wà tí ògiri gbogbo gbọ́dọ̀ ní, òun náà sì ni fèrèsé. Ibẹ̀ ni ilé ti ń mí. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gbà wọlé jí onílé, ibẹ̀ náà sì ni ìyá àgbà ti ń yọjú láti béèrè ẹni tí ń kan ìlẹ̀kùn. Bí a ṣe ń tún fèrèsé ṣe nígbà tí ó bá gbó, àti ẹni tí àṣà wa fún ní àṣẹ láti yọ ọ́ kúrò lára ilé ẹbí, ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ní ilé ẹbí kan ní ìlú Ọ̀jọ́, lẹ́bàá etí omi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ẹni tí Ọlọ́run bùkún òwò rẹ̀ ní ọjà Alábà, kó àwọn oníṣẹ́ alumíníọ̀mù wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní ojú ń ti òun bí àlejò bá ń wo fèrèsé onípákó tí ó ti wọ́, tí a fi okùn so mọ́ ìṣó. Wọ́n ti yọ fèrèsé kan sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó mọ̀. Àbúrò baba rẹ̀ tí ń gbé ní Okokomaiko gbọ́, ó sì dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ẹ̀yin ń pè é ní fèrèsé, ṣùgbọ́n ilé ni ọmọ yìí fẹ́ gbà. Lónìí fèrèsé, lọ́la òrùlé, ní ọ̀túnla yóò ní òun ni òun kọ́ ọ."

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Owó mi ni mo ná, n kò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Gbólóhùn yìí gan-an ni ó dá kún ìjà náà. Ìyá àgbà, àkọ́bí tí ó kù láyé nínú àwọn ọmọ ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ni ó pàṣẹ pé kí àwọn oníṣẹ́ gbé irinṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ó ní kí a lọ pe àgbà káfíńtà kan ní Ìbà kí ó wá wo ohun tí ó ṣe àwọn fèrèsé náà, kí a tó jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò sanwó. A wà níbẹ̀. Ohun tí a fojú rí àti ohun tí a fetí gbọ́ ni ó mú wa kọ ìwé yìí.

BÍ FÈRÈSÉ ṢE DI ŃLÁ LÁÀÁRÍN WA

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé Yorùbá kò gbára lé fèrèsé púpọ̀. Yàrá kékeré wà fún oorun àti fún ìpamọ́ ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni a ti ń gbé, tí a ti ń jẹun, tí a ti ń parí ìjà, níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì, padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀ pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ wọn ni fèrèsé gíga onípákó aláwẹ́ méjì tí ń ṣí síta ti gbilẹ̀. Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, èyí tí João Baptista da Costa kọ́ tí a sì ṣí ní ọdún 1894, jẹ́ ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú tiwọn, èyí tí a ń tì sókè tí a sì ń fà sódò, tí okùn àti irin wíwúwo fara pamọ́ sínú férémù rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan, èyí sì bá ilẹ̀ òtútù mu ju ilẹ̀ tiwa lọ. Lẹ́yìn náà ni lúfà onígíláàsì dé. Nígbà tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande, láti 1979 sí 1983, ń kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Ìbà sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí a kọ́ wọn sí, lúfà ni ó wà ní ojú gbogbo ilé ìgbà náà. Ní òde òní, alumíníọ̀mù tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́ ni ó gbòde.

OHUN TÍ Ń BA FÈRÈSÉ JẸ́ NÍ AGBÈGBÈ WA

Ẹni tí ń gbé Ọ̀jọ́ kò lè sá fún omi. Ọ̀sà wà nítòsí, òkun sì wà níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn gúúsù ń gbé ọ̀rinrin àti iyọ̀ bọ̀, iyọ̀ yìí ni ó sì ń jẹ híńjì àti ìṣó onírin títí wọn yóò fi di ìpẹtà. Òjò oṣù Kẹfà ń mú kí pákó wú, ọyẹ́ ń mú kí ó súnkì, ojú ibi tí a ti so igi pọ̀ a sì là díẹ̀díẹ̀. Omi a wọ ibẹ̀, ìjẹrà a tẹ̀ lé e. Ikán ní tirẹ̀ kì í kan ìlẹ̀kùn. Láti ìpìlẹ̀ ni ó ti ń gba inú ògiri gòkè.

Ẹ fi eruku márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì kún un, ọ̀nà tí iṣẹ́ ìmúgbòòrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2009 tí ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà ní Okokomaiko mọ bí a ṣe ń ti fèrèsé pa láàárọ̀ nítorí eruku, tí a sì ń làágùn lóru. Láti ìgbà tí a sì ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983 ni àwọn tí ń wá yàrá ti pọ̀ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko. Onílé mìíràn ti fi pákó pín yàrá kan sí méjì, tí fèrèsé kan ṣoṣo fi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ń sùn bí ẹni wà nínú àpótí.

ÌDÁNWÒ ÀGBÀ KÁFÍŃTÀ

Nígbà tí bàbá káfíńtà dé, kò mú ayùn jáde. Ìṣó gígùn kan ni ó mú lọ́wọ́, ó ń fi í tẹ igi níkọ̀ọ̀kan, pàápàá ní ìsàlẹ̀ àti ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi tí igi ti le, ìṣó kò wọlé. Níbi tí ó ti jẹrà, ó wọlé bí ẹni ki ìka bọ inú ẹ̀kọ. Fèrèsé mẹ́fà ni ó wò. Mẹ́rin ni ó jẹ́ pé igi ìsàlẹ̀ wọn nìkan ni ó bàjẹ́. Ọ̀kan kò ní àrùn kankan ju híńjì tí ìpẹtà ti jẹ lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni ikán ti jẹ férémù rẹ̀ tán, tí ọ̀dà nìkan ni ó ku tí ó dì í mú.

Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó ní, "Ìyá, ìrókò ni baba yín lò. Igi yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí à ń rà nísinsìnyí. Ẹsẹ̀ ni ó ń dùn ún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sìnkú rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀."

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa. A ó gé ibi tí ó jẹrà kúrò títí a ó fi kan igi tí ó yè. A ó fi irú igi kan náà tí ó ti gbẹ dáadáa rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe arère tí kòkòrò fẹ́ràn. A ó gbẹ́ ẹnu igi méjèèjì kí wọ́n wọ inú ara wọn, a ó sì fi àtè igi dè wọ́n, nítorí ìṣó nìkan kò lè di fèrèsé tí ń ṣí tí ń pa lójoojúmọ́. Híńjì onídẹ ni kí a lò, torí iyọ̀ kì í tètè jẹ idẹ bí ó ti ń jẹ irin. Ojú ìsàlẹ̀ férémù gbọ́dọ̀ dà sí ìta kí omi má baà dúró lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a kun ọ̀dà, kí a sì kun orí igi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú kì í rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà wọlé. Ní ti ikán, ibi tí ó ti ń wá ni kí a kọ́kọ́ wá rí, kí a sì fi oògùn sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oúnjẹ tuntun ni a rà fún un.

Ẹ má ṣe rò pé a ń bá alumíníọ̀mù jà. Fèrèsé kẹfà tí ikán jẹ kò ní àtúnṣe mọ́, dandan ni kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ mọ ohun tí ó ń rà. Èyí tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, ìdajì ihò ògiri ni ó ń ṣí. Èyí tí ó ní híńjì ń ṣí tán. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ń wá tí ó ń lọ, ìdajì afẹ́fẹ́ kò tó. Àwọn oníṣègùn sì ti kọ́ wa pé ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa tàn kálẹ̀ ní yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn. Bí ẹ bá sì fi irin ààbò dí fèrèsé nítorí olè, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nítòsí, kí ohun tí a ṣe nítorí olè má baà di ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ.

TA NI Ó NÍ ÀṢẸ?

A wá padà sí ọ̀rọ̀ ìjà. Ní àṣà wa, ilé tí baba fi sílẹ̀ láìpín kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀ràn yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní Èkó tipẹ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní 1908 lórí ilé Olóyè Mabinuori tí ó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé dáwódù ni ó ń di olórí ẹbí lẹ́yìn baba, àti pé lẹ́yìn tirẹ̀, ọmọ tí ó dàgbà jù tí ó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin ìbáà ṣe obìnrin, ni ipò náà tọ́ sí. Ó sì gbà pé ohun pàtàkì kan kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ohun ìní ẹbí láìjẹ́ pé a gbọ́ ti gbogbo ojú ìdí. Nítorí náà, ìyá àgbà tí ó ní kí a gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kò gba ipò ọkùnrin. Ipò rẹ̀ ni ó wà.

Àṣà kan náà ni ó sì dáhùn ìbẹ̀rù àbúrò baba. Ọmọ ẹbí tí ó fi owó rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di onílé. Ilé ẹbí ni yóò máa jẹ́, ọpẹ́ sì ni èrè rẹ̀. Ẹ̀bi ọmọ náà kò ju pé kò kọ́kọ́ sọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì rò pé fèrèsé kékeré kò tó ohun tí à ń pe ìpàdé sí, kí ó rántí Ilojo Bar ní Ìta Tinúubú, ilé Àgùdà tí a kọ́ ní 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ a wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ilé rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba ń dáàbò bò gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ó tó yọ irú fèrèsé tí à ń tì sókè yẹn. Àwa kò nílò kí ìjọba kọ́ wa. Ìpàdé ẹbí ni ìwé ìyọ̀ǹda tiwa.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ẹbí náà pé jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fi obì àti omi tútù lélẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí a tún fèrèsé márùn-ún ṣe, kí a sì fi èyí tí ó ń ṣí tán rọ́pò ẹ̀kẹfà. Ọmọ Alábà san owó igi, àbúrò baba san owó iṣẹ́, àwọn obìnrin ilé gbọ́ oúnjẹ àwọn káfíńtà. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹbí, a sì kọ ọ́ pé ẹ̀bùn ni. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyá àgbà ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìtú okùn kankan. Ó ní, "Bí baba mi ṣe máa ń ṣí i nìyí."

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé, ẹ fi ìṣó tẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé yín wò. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ilé baba rẹ̀, kí ó pe àwọn tí wọ́n jọ ni baba náà kí ó tó pe káfíńtà.