Gẹdú Ọ̀rẹ̀ Lè Kọ́ Ọmọ Ní Ìṣirò

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin gbé pàdé ọ̀nà Oǹdó sí Òkìtìpupa, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ tí ó kún fún gẹdú. Bí ó bá tọ ọkọ̀ náà dé ilé ìlagi, yóò rí ènìyàn mẹ́ta péré tí ń yí ìtì igi tí ènìyàn mẹ́wàá kò lè gbé. Wọn a ti orí ọ̀pá gígùn bọ abẹ́ igi, wọn a fi òkúta há abẹ́ ọ̀pá, wọn a sì tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gẹdú a sì yí. Kí ni ó wá dé tí ọmọ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí yóò dé ilé-ìwé ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Òdígbó, tí yóò sì wí pé orí òun kò gba ìṣirò?

Lójú tiwa, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. Àwa àgbà ni a ya ohun méjì tí a bí pọ̀ nípa. Ìṣirò kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Láti inú ìwúwo, ipá àti ìrìn nǹkan ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi Archimedes ṣe àpẹẹrẹ, ará Syracuse tí ó kú ní nǹkan bí 212 ṣáájú ìbí Kristi. Òun ni ó fi ẹ̀rí gbé òfin ọ̀pá yìí lẹ́sẹ̀: bí ìwúwo ẹrù bá jẹ́ ìlọ́po 4 ipá tí a fi tẹ ọ̀pá, wọn yóò dọ́gba nígbà tí òkúta bá jìnnà sí ọwọ́ wa ní ìlọ́po 4 bí ó ti jìnnà sí ẹrù. Kò dúró síbẹ̀. Ó ń fi ọkàn la ohun róbótó bí ẹni ń la gẹdú sí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń gbé pákó kọ̀ọ̀kan kọ́ sí apá òṣùwọ̀n, ó sì ń wo ibi tí wọn yóò ti dọ́gba. Báyìí ni ó ṣe rí i pé bọ́ọ̀lù tí ó bá agolo mu gẹ́lẹ́, ní ìbú àti ní òró, a máa gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè inú agolo náà. Olùkọ́ tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó ki irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bọ agolo tí omi kún dẹ́nu, kí ó sì wọn omi tí ó dànù.

Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Eratosthenes ní Alexandria, Archimedes jẹ́wọ́ pé ọ̀nà òṣùwọ̀n yìí ni ó kọ́kọ́ fi òtítọ́ mìíràn han òun, kí òun tó wá ẹ̀rí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ha ọ̀rọ̀ náà kúrò lára awọ, wọ́n sì kọ àdúrà sórí rẹ̀. Ní 1906 ni ọ̀mọ̀wé Heiberg tún rí i kà ní Constantinople.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìyí. Chike Obi, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, ní Cambridge ní 1950, irú ìṣirò tí ó ti inú ohun tí ń mì síwá-sẹ́yìn jáde ni ó yàn láàyò. Òun kan náà ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Dynamic Party.

A kò wí pé kí ilé-ìwé di ilé ìlagi. Ẹni tí ń yí gẹdú mọ̀ pé ó ń yí, ṣùgbọ́n ìṣirò ni yóò sọ fún un bí ọ̀pá yóò ti gùn tó fún igi tí kò tíì rí rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé àárín pákó kan lé orí ìtì igi nínú ọgbà ilé-ìwé. Kí ọmọ tí ó wúwo tó kílò 40 jókòó ní mítà 1 sí àárín, kí ọmọ kílò 20 sì jókòó ní mítà 2 ní òdìkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i kí ẹ tó kọ ọ́ sí ojú pátákó.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, a ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955 yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí kò ní ohun èlò, ọkọ̀ tí kò ní táyà ni. Nígbà tí àwọn tí ń du ipò bá wá tọrọ ìbò ní Òdígbó, ẹ bi wọ́n pé òṣùwọ̀n mélòó ni wọn yóò fi sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò kò ní tètè wí pé orí òun kò gba ìṣirò.