Obìnrin Méjì Tó Wà Nídìí Mercedes-Benz

Owó obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi yọ iṣẹ́ tó di Mercedes-Benz nínú ìṣòro. Lọ́dún 1871, Bertha Ringer, ọmọ ọlọ́lá kan ní ìlú Pforzheim lórílẹ̀-èdè Jámánì, kò tíì wọlé ọkọ tó fi ní kí àwọn òbí òun yọ lára owó tí wọ́n fẹ́ fi sin òun lọ sílé ọkọ fún òun. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Carl Benz, ọmọ tálákà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dunjú, ti há sọ́wọ́ alájọṣe kan tí kò ṣe é fọkàn tán ní Mannheim. Owó Bertha ni wọ́n kó fún ọkùnrin náà kó tó gbà láti máa bá tirẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó.

Nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n bá ti dárúkọ Mẹsí, ọkàn gbogbo ènìyàn a lọ sọ́dọ̀ olówó, ọba àti ìjòyè. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pè é ní Mẹsí Ọlọ́yẹ́. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a mọ ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń wẹ ọkọ̀ tuntun, a kò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tó dákú sójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọkọ̀, ẹni tó sì ṣe é kì í ṣe ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ìyà jẹ tọkọtaya yìí. Lọ́dún 1877, àwọn agbowó gbèsè kó irinṣẹ́ Carl lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó parí ọdún 1879, lẹ́yìn oúnjẹ, Bertha ló ní kí àwọn tún padà sínú ṣọ́ọ̀bù lọ gbìyànjú ẹ̀rọ tó ti ń kọ̀ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Carl yí i, ó dáhùn. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ọdún 1883 ni iléeṣẹ́ Benz & Cie bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1886, Carl mú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ nọ́ńbà 37435. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan. Eré tó lè sá jù kò ju kìlómítà 16 ní wákàtí kan lọ.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó rà á. Carl fẹ́ràn àtúnṣe, ó ń tún un ṣe ṣáá, kò sì fẹ́ kó jáde títí yóò fi pé. Àwọn ará ìlú ní tiwọn rí i bí ohun eléwu tó ń pariwo, tí kò sì lè lọ jìnnà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1888, nígbà tí Carl ṣì ń sùn, Bertha àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, ti ọkọ̀ náà jáde kúrò nílé kí wọ́n tó ṣí i, kí ariwo má bàa jí bàbá wọn. Eugen jẹ́ ọmọ ọdún 15, Richard kò sì tíì pé 14. Pforzheim ni wọ́n ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá Bertha, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Títí di ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gbà ni wọ́n gbà, olókùúta, eléruku.

Kò pẹ́ tí epo fi tán. Kò sí ilé epo ní gbogbo ayé nígbà náà, nítorí kò sí ohun tí yóò mu ún. Bertha dúró ní ilé ìpoògùn kan ní Wiesloch, ó ra ligroin, nǹkan olómi tí àwọn ènìyàn ń rà láti fi yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Òun náà ni ẹ́ńjìnnì Carl ń mu. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, ó yọ pínnì tó fi de fìlà mọ́ orí, ó fi gún ìdọ̀tí náà jáde. Wáyà iná kan bó, ó ń kan irin. Ó tú rọ́bà tó fi ń di ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi wé e. Ṣéènì yọ ọ́ lẹ́nu, alágbẹ̀dẹ kan bá a tún un ṣe. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbẹ kíákíá, wọ́n sì ń pọn omi sí i ní ibi gbogbo tí wọ́n bá ti rí kànga tàbí odò. Tí wọ́n bá ń gun òkè, àwọn ọmọ a sọ̀ kalẹ̀ láti tì í.

Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ni ọ̀rọ̀ le jù, torí bíréèkì onígi náà ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ní abúlé Bauschlott, Bertha wọlé tọ aránbàtà kan, ó ní kó bá òun kan awọ mọ́ igi náà. Gbogbo bíréèkì tí mẹkáníìkì ń pààrọ̀ fún wa lónìí, ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ láti gbà á lọ́wọ́ ìjẹtán, ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó dé. Ó fi wáyà ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé àwọn ti gúnlẹ̀. Nígbà tó padà sí Mannheim, ó kà á sílẹ̀ fún Carl lọ́kọ̀ọ̀kan: ibí yìí kò lágbára, ọkọ̀ nílò gíà mìíràn fún òkè. Carl sì fi kún un. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àmì ẹ̀yẹ wúrà ni wọ́n fi dá a lọ́lá níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ ní Munich. Nígbà tó di 1899, ọkọ̀ 572 ni iléeṣẹ́ Benz ṣe lọ́dún kan, kò sì sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ lágbàáyé. Bertha pẹ́ láyé. Ẹni ọdún 95 ni nígbà tó kú lọ́dún 1944.

Nígbà tí Carl àti Bertha ń ṣe gbogbo èyí ní Mannheim, kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí ibi tí Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Cannstatt, lẹ́bàá Stuttgart, nínú ilé kékeré tó wà ní ọgbà òdòdó Daimler. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ débi pé ọlọ́gbà fura pé ayédèrú owó ni wọ́n ń tẹ̀, ó lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá wọlé, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n bá.

Obìnrin kejì kì í tiẹ̀ ṣe àgbàlagbà. Emil Jellinek, oníṣòwò kan tó ń gbé ní Nice lórílẹ̀-èdè Faransé, ń ra ọkọ̀ Daimler, ó ń tà á fún àwọn ọlọ́rọ̀, ó sì ń kó o wọ eré ìje. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mercédès, ló ń lò tó bá fẹ́ díje. Lọ́dún 1900, awakọ̀ kan kú sínú ọkọ̀ Daimler tó ga fíofío lórí òkè La Turbie. Jellinek ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ mìíràn fún òun, èyí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì súnmọ́lẹ̀, kí ó má bàa máa dojú dé. Ó ní òun yóò ra 36, owó rẹ̀ sì jẹ́ 550,000 máàkì, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ òun ni kí wọ́n sọ ọ́. Maybach ló ya ọkọ̀ náà. Nínú oṣù kẹta ọdún 1901, ó gba ipò iwájú léraléra ní Nice, orúkọ ọmọ ọdún 11 sì wà lẹ́nu gbogbo ayé. Mercédès fúnra rẹ̀ kò jẹ ayé tó bá orúkọ náà mu. Vienna ló kú sí lọ́dún 1929, lẹ́ni ọdún 39. Ọdún yẹn náà ni Carl Benz kú.

Ìnira tó dé bá Jámánì lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ló mú kí iléeṣẹ́ méjèèjì di ọ̀kan lóṣù kẹfà ọdún 1926. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta jẹ́ ti Daimler, tí ẹnu rẹ̀ dúró fún ilẹ̀, omi àti òfúrufú. Adé ewé tó yí i ká ni ti Benz.

Kò tọ́ kí á fo apá tó dúdú nínú ìtàn yìí. Nígbà ìjọba Hitler, iléeṣẹ́ náà ń ṣe ohun ìjà. Ní ìparí 1944, ènìyàn 63,610 ló ń ṣiṣẹ́ fún un, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó jẹ́ pé tipátipá ni wọ́n fi kó wọn wá: ará ìlú mìíràn, ẹlẹ́wọ̀n ogun, àti àwọn tí wọ́n kó jáde láti àgọ́ ìfìyàjẹni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣògo nínú ìràwọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ èyí pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n wá dojú kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Béla Barényi, ẹnjiníà wọn kan, rí i pé bí iwájú ọkọ̀ bá rún nígbà ìjàǹbá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀. Ọkọ̀ wọn tó jáde lọ́dún 1959 ló kọ́kọ́ lo ọgbọ́n náà. Bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há dé ní 1978, àpò afẹ́fẹ́ inú ọwọ́ ìwakọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1981.

Nílé wa, ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni ìràwọ̀ náà pọ̀ sí títì. Inú ọkọ̀ Mercedes ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ìkòyí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 tí wọ́n yìnbọn pa á. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà, tòun ti ihò ọta ìbọn lára rẹ̀, lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Ìràwọ̀ kan náà ló sì gbé mẹ̀kúnnù: orí ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ni àwọn ajórinmórin Èkó ti ń kọ́ mólùẹ̀ nígbà náà.

Àwọn tí kò lè ra tuntun dúró de tòkunbọ̀ láti Kútọnu. V-boot tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1985 ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ẹ wò ó nígbà tí òjò bá ń rọ̀: ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní láti nu gíláàsì iwájú, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń nà, ó sì ń súnkì, kí ó lè dé igun gíláàsì lápá méjèèjì. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ ń gùn ún di òní. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1993 sí 1995 ní wáyà ẹ́ńjìnnì tí rọ́bà ara rẹ̀ ń fọ́ bí bisikíìtì, rẹwáyà tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀ wò. Lọ́dún 2004, iléeṣẹ́ náà pe ọkọ̀ 680,000 padà nítorí bíréèkì oníná. Àwọn ẹ́ńjìnnì M272 àkọ́kọ́ ní eyín irin kan tó ń jẹ tán nínú, ó sì di dandan kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra irú rẹ̀, kó mú mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò dání kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Kó sì ya owó ọ́ìlì àti ti omi rédíétọ̀ sọ́tọ̀ kó tó pe ẹbí wá bá a yọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ olówó ńlá púpọ̀ tó ń kú nítorí pé omi ẹ̀rọ lásán ni olówó rẹ̀ ń bù sí i.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n tọ́jú: ní Thessaloniki lórílẹ̀-èdè Gíríìsì, awakọ̀ takisí kan ra Mercedes 240 D tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1976. Ó fi ṣiṣẹ́ títí ó fi rin mílíọ̀nù 4.6 kìlómítà. Kò fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ṣe é: èyí tó bá rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ lọ fún àtúnṣe, òmíràn a gorí ọkọ̀. Lọ́dún 2004, ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún iléeṣẹ́ náà láti gbé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Stuttgart, wọ́n sì fún un ní C-Class tuntun.