Kọ́mú Abiyamọ: Kó Gbé Ọmú Ró, Kó Má Fún Un Pọ̀

Tí oyún bá ti wọ oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ìyá tó ń retí ọmọ á ti máa kó nǹkan jọ díẹ̀díẹ̀: aṣọ ọmọ, ìlédìí, bàsíà, ọṣẹ, òróró. Tó bá wá kan kọ́mú, àwọn kan á ní, "Ṣé èyí tí mo ní nílé ò tó ni?" Àwọn mìíràn á sáré ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ọ̀rẹ́ wọn ní kí wọ́n rà á. Ọmọ á dé tán, kò ní sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa gba ọmú wọn.

Kọ́mú abiyamọ, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní nursing bra, kì í ṣe fáàrí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n bá kọ "nursing" sí lára ló dáa fún abiyamọ. Ká tó mọ èyí tó yẹ ká rà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmú fúnra rẹ̀.

Ọmú kan, sáìsì mẹ́ta

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni ọmú ti máa ń yí padà. Àwọn họ́mónù bíi estrogen, progesterone àti prolactin máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà pọ̀ sí i, kí àwọn àpò kéékèèké tó ń pèsè omi ọmú sì gbèrú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Kì í sì í ṣe ọmú nìkan: egungun ìhà máa ń fẹ̀ bí oyún ṣe ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí kọ́mú tó bá aboyún mu lóṣù kẹta fi lè há mọ́ ọn lóṣù keje, kó má tiẹ̀ jẹ́ pé ó sanra rárá.

Àyípadà ńlá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ìbí. Tí ibi ọmọ bá ti jáde, progesterone tó ti ń di omi ọmú lọ́wọ́ á já wálẹ̀ lójijì. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tí àwọ̀ ẹ̀ sì dà bí òyìn, ti wà nílẹ̀ de ọmọ látìgbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún ni omi ọmú tó pọ̀ máa ń ya dé. Ọmú á le, á gbóná, á wúwo, á tóbi ju ti ìgbà oyún lọ.

Tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara ìyá á ti mọ ìwọ̀n tí ọmọ ń mu, wíwú yẹn á lọ sílẹ̀, ọmú á rọ̀. Ìgbà yìí ni àwọn ìyá kan máa ń bẹ̀rù pé omi ọmú àwọn ti ń gbẹ. Kò gbẹ o. Tí ọmọ bá ń tọ̀ dáadáa, tó sì ń sanra, ara ló kàn ti mọ iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ wá kà á: ti òpin oyún, ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín oṣù mẹ́ta péré, obìnrin kan náà lè ní sáìsì mẹ́ta. Kò sí kọ́mú líle kan tó lè bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu.

Kí ló dé tí kọ́mú tó há fi ń dá wàhálà sílẹ̀?

Lọ́dún 1840, Astley Cooper, oníṣẹ́ abẹ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde lórí bí inú ọmú ṣe rí. Ohun tó ṣe ni pé ó rọ ìda aláwọ̀ sínú ọ̀nà omi ọmú àwọn obìnrin tó ti kú, kó lè rí bí wọ́n ṣe pín sí. Àwòrán tó yà wúlò fún àwọn oníṣègùn fún ohun tó lé ní 150 ọdún. Àmọ́ ọmú òkú kọ́ ni ọmú alààyè.

Ní 2005, Donna Ramsay, Peter Hartmann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Western Australia lo ẹ̀rọ síkáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, láti wo ọmú àwọn ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n rí ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Àwọn ìwé ti ń sọ pé ọ̀nà 15 sí 20 ni omi ọmú ń gbà jáde lórí ọmú. Nǹkan bí 9 ni wọ́n rí lára ọ̀pọ̀ jù lọ. Àpò ńlá tí ìwé sọ pé omi ọmú ń dúró sí lẹ́yìn orí ọmú, wọn ò rí i. Èyí tó kàn wá jù níbí ni pé àwọn ọ̀nà náà ò jìnnà sí àwọ̀ ara, wọ́n tín-ín-rín, ìfọwọ́tẹ̀ díẹ̀ sì ti tó láti pa wọ́n dé.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ kọ́mú ti wọ̀ ọ́? Kọ́mú tó há, wáyà tó ń gún ẹ̀gbẹ́ ọmú, ìró tí a so le koko mọ́ àyà, fóònù tàbí owó tí a kì bọ inú kọ́mú lọ́jà, gbogbo ẹ̀ ló lè tẹ ojú kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Kódà aṣọ tí a fi ń pọn ọmọ, orí ọmú gan-an ló sábà máa ń gbà kọjá. Ẹ so ó sókè ọmú tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ má so ó lé ọmú lórí.

Tí omi ọmú ò bá ráyè jáde, ibẹ̀ á wú. Wíwú yẹn fúnra ẹ̀ á tún máa fún àwọn ọ̀nà tó kù pọ̀. Ó lè di kókó, ó lè di ìnira, nígbà mìíràn ibà á wọ̀ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn, tí ọmú bá kún fún ìgbà pípẹ́, ara á rò pé ọmọ ò nílò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á wá dín omi ọmú tó ń pèsè kù.

Kì í ṣe kọ́mú nìkan ló ń fa èyí o. Bí ọmọ ò bá gbá ọmú mú dáadáa, tàbí bí ìyá bá pẹ́ kó tó fún un lọ́mú, ó lè ṣẹlẹ̀ láìsí kọ́mú lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìrora wà lára ohun tó ń mú kí ìyá já ọmọ lẹ́nu ọmú láìtọ́jọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba tọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 29 nínú 100 ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6 ló ń rí bẹ́ẹ̀ gbà. Ìdí tó fà á pọ̀. Kọ́mú jẹ́ ọ̀kan tó wà níkàáwọ́ wa.

Bí ẹ ṣe máa wọn ara yín

Téèpù télọ̀ ti tó. Ẹ yí i ká abẹ́ ọmú, kó lẹ̀ mọ́ ara láìfún yín. Ká ní ó jẹ́ ínǹṣì 36. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i ká ibi tí ọmú ti yọ jù, ẹ má fà á. Ká ní ìyẹn jẹ́ 40. Ẹ yọ 36 kúrò nínú 40, ó ku 4. Ínǹṣì 1 ni A, 2 ni B, 3 ni C, 4 ni D. Sáìsì yín nìyẹn: 36D.

Nọ́ńbà ń sọ ìgbànú kọ́mú, ìyẹn ibi tó yí àyà ká. Lẹ́tà ń sọ ibi tí ọmú ń wọ̀. Àmọ́ D orí 34 kì í ṣe ẹgbẹ́ D orí 38. Ohun tí 34D, 36C àti 38B ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibí ni wọ́n ti máa ń mú wa lọ́jà. Ẹ ní 36C há, ẹni tó ń tà á á ní, "Màmá, ẹ mú 40, ó máa gbà yín." Ìgbànú ẹ̀ á fẹ̀ jù. Tí ìgbànú bá ti tú jù, á máa gun ẹ̀yìn lọ, gbogbo ẹrù á wá bọ́ sórí èjìká. Tó bá jẹ́ pé ibi tí ọmú ń wọ̀ ló kéré, lẹ́tà ni kẹ́ ẹ yí padà: 36D ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ tún máa rí 75, 80 tàbí 85 lára àwọn mìíràn. Ẹ má bẹ̀rù, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ka ìyẹn: 75 ni 34, 80 ni 36, 85 ni 38. Lẹ́yìn D, bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, torí náà ẹ wọ̀ ọ́ wò kẹ́ ẹ tó gbà á.

Ìgbà wo la ń rà á, mélòó sì ni?

Ẹ má rà á lóṣù kẹrin. Ẹ dúró di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìkúnlẹ̀, kẹ́ ẹ ra méjì péré, èyí tí aṣọ ẹ̀ rọ̀, tó ń fà, tí ò ní wáyà. Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ wò, ìkọ́ tó fẹ̀ jù ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, torí pé egungun ìhà ṣì máa padà sípò lẹ́yìn ìbí, ẹ sì máa nílò àwọn ìkọ́ inú nígbà yẹn. Níwájú, ẹ jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù tí àtẹ́lẹwọ́ lè wọ̀. Àyè omi ọmú tó ń bọ̀ nìyẹn.

Tọ́mọ bá ti pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá ra ẹ̀kẹta àti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣòde. Mẹ́ta máa ń tó: ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú báàgì.

Ẹ yẹ àwọn nǹkan yìí wò kẹ́ ẹ tó sanwó

- Ìgbànú: ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ẹ̀, kó sì tọ́ lẹ́yìn. Òun ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà.
- Ìkọ́: ẹ mú èyí tó ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.
- Ibi tó ń ṣí: ọwọ́ kan ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, kẹ́ ẹ tún fi dé e, torí pé ọmọ máa wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ dán an wò níbẹ̀. Èyí tí gbogbo iwájú ẹ̀ ń wálẹ̀ dáa ju èyí tó kàn dá ihò sáàárín lọ, torí ẹnu ihò yẹn lè máa fún ọmú pọ̀ yí ká.
- Okùn èjìká: kó fẹ̀, kó má gé yín.
- Ẹ̀gbẹ́: ọmú nasẹ̀ dé ìhà abíyá. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ń gún yín níbẹ̀.
- Aṣọ: ooru ilẹ̀ wa ò gba fóòmù tó nípọn. Òwú, tàbí òwú tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà díẹ̀, ló ń jẹ́ kí ara mí.

Tówó ò bá tó ti tuntun, òkìríkà ò burú. Ní Katangúà tàbí Yaba, ẹ lè rí èyí tó dáa gan-an. Ẹ fa ìgbànú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀: tí ò bá padà sípò kíákíá, rọ́bà ẹ̀ ti kú, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bí kò bá sì sí rárá, kọ́mú òwú tó rọ̀, tó ṣeé fà sísàlẹ̀ láìfún abẹ́ ọmú pọ̀, lè ṣe é. Àwọn ìyá wa àgbà gbé bùbá sókè, wọ́n fún ọmọ lọ́mú, ọmọ sì yó.

Ṣé ọmọ ló ń fa ọmú wálẹ̀?

Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí àwọn kan di ọmú mọ́ra pẹ́kípẹ́kí tọ̀sán-tòru. Brian Rinker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Kentucky lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yẹ èyí wò lára àwọn obìnrin tó wá béèrè fún iṣẹ́ abẹ ọmú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Fífún ọmọ lọ́mú kọ́ ló ń fà á. Ọjọ́ orí, iye oyún téèyàn ti ní, bí ara ṣe tóbi tó àti sìgá mímu wà lára ohun tí wọ́n rí. Oyún ló ń na ọmú, bóyá ọmọ mu ún tàbí kò mu ún. Lóru, tí kọ́mú bá ń ni yín lára, ẹ bọ́ ọ.

Tí omi ọmú bá ń jò, tàbí tí kókó bá yọ

Ẹ lè fi pádì ọmú tàbí aṣọ òwú mímọ́ tẹ́ ẹ ká sínú kọ́mú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rá sí i. Tó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ibi tó tutù tó sì gbóná ni kòkòrò fẹ́ràn.

Tí kókó bá yọ, àṣà wa ni ká fi omi gbóná tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára. Ìlànà tí Academy of Breastfeeding Medicine gbé jáde ní 2022 ò fara mọ́ títẹ̀ yẹn, torí ó lè dá kún wíwú. Ohun tútù ni kẹ́ ẹ gbé lé e, kẹ́ ẹ wọ kọ́mú tó gbé ọmú ró, kẹ́ ẹ sì máa fún ọmọ lọ́mú bó ṣe ń béèrè. Tí kò bá rọ̀ láàárín wákàtí 24, tàbí tí ibà àti òtútù bá dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dúró kó pọ́n kẹ́ ẹ tó gbà pé ó le. Lára àwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn bọ̀rọ̀.

Lálẹ́ òní, tẹ́ ẹ bá bọ́ kọ́mú yín, ẹ wo ara yín nínú dígí. Tí ìlà tó wọlé bá wà lábẹ́ ọmú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abíyá, tó sì tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó parẹ́, kọ́mú yẹn há. Ẹ bọ́ sí ìkọ́ tó tẹ̀ lé e, tàbí kẹ́ ẹ gbé e tì kọ́mọ tó dé.