Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀fẹ́ fún Àgbàlagbà: Kí Ni Ó Ń Tì Wá Lójú?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi, nítorí pé ọwọ́ èmi fúnra mi kò mọ́ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí wa ní Kétu. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ jókòó, lẹ́yìn náà ni mo ka ìwé mẹ́fà, n kò sì lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a bá sọ lórúkọ àti ti àwọn tí a bá so yìgì fún, àwọn ìyá wa gbà pé kò sí ìwé tí n kò lè kà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ Alásàlátù wa, tí wọ́n ń ta ata àti tòmáàtì ní ọjà Mile 12, mú ìwé kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìrun Alásárì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan fẹ́ yá owó, pé kí àwọn tẹ ìka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo wo ìwé náà. Mo rí orúkọ, mo rí iye owó, mo rí ọjọ́. Èyí tí ó kù kò yé mi. Ojú àwọn ènìyàn wà lára mi, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kò sí ewu níbẹ̀." Ìyá tẹ ìka.

Kì í ṣe ẹlẹ́rìí ni ìwé náà pè wọ́n, onídùúró ni. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kò rí owó san, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni àwọn olówó wá. Ìyá ta fíríìsà tí wọ́n fi ń ta omi tútù nílé, wọ́n sì fi owó ọjà wọn kún un. Títí di òní wọn kò sọ̀rọ̀ búburú kan sí mi. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ààfáà, ẹ kò mọ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ, nítorí pé mo mọ̀ pé n kò mọ̀. N kò kàn sọ ọ́ ni.

Ìyá kejì ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ní ọjà èso Kétu. Ọmọ wọn obìnrin bímọ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì lọ bá a tọ́jú ọmọ ní Peckham, àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí níbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní ẹ̀rù òtútù kò ba àwọn tó ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí a lọ kí wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn fún wa kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀. Ilé ìkàwé ni. Wọ́n ní ọmọ àwọn mú àwọn lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn sì bá àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ará Sòmálíà, ará Bangladesh, ará Tọ́kì, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀: iye tí wọ́n ra búrẹ́dì, bí ọmọ ṣe sùn, ohun tí nọ́ọ̀sì wí. Ẹnikẹ́ni kò sanwó. Ẹni tí ó bá ṣì í sọ, obìnrin tí ń darí wọn yóò tún un sọ fún un, wọn yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ààfáà, ẹnikẹ́ni kò fi mí rẹ́rìn-ín." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ gbólóhùn yìí. Wọ́n wá bi mí pé, "Tiwa dà ní Kétu?"

N kò lè dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo lọ ṣe ìwádìí. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ní Queens, ní ìlú New York, láti ọdún 1977 ni ilé ìkàwé ìjọba wọn ti ní ètò pàtàkì fún àwọn àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òpè nìkan kọ́ ni ó ń lọ síbẹ̀ o. Ẹni tí ó jẹ́ tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì ní ìlú rẹ̀ lè wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò wọ ilé ìwé rí.

Tiwa wà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé ìkàwé ni ẹ ó ti bá a. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan tí ń rí sí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbàlagbà. Nígbà ìjọba Akínwùnmí Aḿbọ̀dé, láàárín ọdún 2015 sí 2019, wọ́n gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Èkó Ń Kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì gbé kíláàsì lọ sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹni tí kò lè wá sí ilé ìwé lè rí i nítòsí. Kíkà àti kíkọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni wọ́n fi ń kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní san owó ilé ìwé. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́, dún bí ẹni ń sọ pé kò sí ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ nìyí, ojú sì ń tì wá láti gbà á.

Mo mọ ibi tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà àwọn bàbá ńlá wa, ọwọ́ àwọn Míṣọ́nnárì ni ilé ìwé wà, ọmọ tí ó wọlé tí ń jẹ́ Sùlé lè jáde kí ó máa jẹ́ Sólómọ́nì. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rù àwọn bàbá wa kì í ṣe ẹ̀rù lásán? Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó ní ọdún 1894, Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí láti Liverpool, jíṣẹ́ Sultan ilẹ̀ Tọ́kì níbẹ̀, pé kí àwọn Mùsùlùmí Èkó má ṣe kẹ̀yìn sí ẹ̀kọ́ ìgbàlódé. Ní ọdún 1896 ìjọba ṣí ilé ìwé kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé tí ọmọ lè gbé wọ inú rẹ̀ láìpàdánù ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dé. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Kétu àti Ìkòsí wà títí di ọdún 1967, ìjọba náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Láti ọdún 1979, Lateef Jákàńdè sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó yẹ kí àwọn ìyá tí mò ń sọ yìí ti kàwé nígbà náà. Ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kiri ọjà? A rán ọmọkùnrin lọ sí ilé ìwé, a gbé igbá lé ọmọbìnrin lórí. Ẹ wá wò ó pé ọmọbìnrin náà ni ó kiri ọjà tí a fi rówó ra aṣọ ilé ìwé fún ọmọkùnrin, ọmọkùnrin náà ni ó sì ń pè é ní púrúǹtù lónìí.

Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ "púrúǹtù" yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ka Kùránì sókè, àwọn ààfáà àtijọ́ sì ń fi àǹjẹ́mí kọ Yorùbá, wọ́n fi ń kọ lẹ́tà, wọ́n fi ń kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó ti wàláà rí mọ sùúrù ìwé. Ohun tí yóò kọ́kọ́ dà á láàmú ni pé láti ọwọ́ òsì ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti lè ka Yorùbá ti rìn jìnnà, nítorí pé lẹ́tà Yorùbá ni púpọ̀ nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì; c, q, v, x àti z nìkan ni àlejò. Ìdààmú Gẹ̀ẹ́sì ni pé ohun tí a kọ kọ́ ni à ń pè. Wọ́n kọ "k" síwájú knife, wọn kò sì pè é! Ẹ má bínú sí ara yín bí ó bá rú yín lójú, àwọn tí wọ́n ni èdè náà ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sìn kò gbà á, ẹ bi í léèrè ta ni Zaid ọmọ Thábit. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ni ó pàṣẹ fún un pé kí ó kọ́ ìwé àwọn Júù, kí ó lè máa ka lẹ́tà wọn. Hàdíìsì fi yé wa pé nǹkan bí ìdajì oṣù ni ó fi mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan, Shifá ọmọ Abdullah, ni ó sì kọ́ Hafsa, aya Ànábì, ní ìwé kíkọ.

Ohun tí ó kù fún wa ni ẹnu. Ìwé kíkà ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n níbo ni ìyá wa yóò ti máa sọ ọ́? Bí wọ́n bá la ẹnu nílé, àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó ata rán ní ilé ìwé ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ. Mo tún bẹ ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń sọ pé, "Gẹ̀ẹ́sì kí ni ìwọ fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ alẹ́?" Bọ́ọ̀sì BRT ti ń gba Mile 12 kọjá láti ọdún 2008, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ orúkọ ibi tí ó ń lọ sí i lára. Gẹ̀ẹ́sì ni báǹkì fi ń kọ ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù. Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lára ìgò oògùn ọmọ.

Nítorí náà ni a ṣe gbé tábìlì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí wa. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì, nítorí pé ẹni tí ń lọ pàdé ọkọ̀ tòmáàtì ní Mile 12 ní ìdájí kò lè wá ní òwúrọ̀. Àgùnbánirọ̀ kan, ọmọ Mùsùlùmí láti Ìlọrin, ni ó ń darí wa. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: ẹni tí ó bá fi ẹnìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín yóò ra omi fún gbogbo wa. Mo ti ra omi lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi náà níbẹ̀, n kò jókòó sí àga ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ lọ béèrè kíláàsì àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ tàbí ti Ìkòsí-Ìsherì tàbí Agboyi-Kétu, èyí tí ó bá sún mọ́ yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà lọ lọ́la.

Ìyá olómi tútù wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n mú ìwé ìjọ́sí dání nínú ọ̀rá, ó ti gbó. Wọ́n ní òun ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà. Ìlà kan ni a kà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti àwọn, títí a fi dé guarantor. Ìyá fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà, ìka kan náà tí wọ́n tẹ̀ sí i níjelòó, wọ́n pè é, wọ́n tún un pè, wọ́n sì dà á kọ sínú ìwé wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Àìkú tí ń bọ̀, ìgò oògùn ni a ó kà.